Ọ̀rọ̀ Tí Mo Pààrọ̀ Mọ́ Abdulfatah Lọ́wọ́

Èmi Ọládayọ̀ Adébísí, tí gbogbo Ìwó ń pè ní Ẹnjiníà Bẹ́líìtì, ni mo ń kọ ìwé yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọmọ mi ló bá mi tún un ṣe. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo gbé e jẹun, mo gbé e sùn, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì dí mi lọ́wọ́ ohun kan títí dókítà kan n'Íbàdàn fi wò mí lójú tó ní kí n lọ palẹ̀ ilé mi mọ́. Nítorí náà, ẹ má yìn mí. Kì í ṣe ìwà rere ló ń mú mi sọ̀rọ̀, àìsàn ni. Ọkùnrin kan wà ní Ilé-Ogbó, Abdulfatah Sàlàkọ́ ni orúkọ rẹ̀, tó ń febi pa ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti fi san ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá. Bí òótọ́ kò bá tètè dé etí rẹ̀, ó lè kú sí i. Mo ti lọ sọ ọ́ fún un lójúkojú, kò gbà mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí ẹ ń pọ́n lé láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Kuta mọ bẹ́líìtì tí mò ń wí. Àpáta tí kọ́ḿpìnnì wa ń fọ́ wà lápá Kuta, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó òkúta wà ní Ìwó, kìlómítà mẹ́jọ ló sì wà láàárín wọn, pẹ̀lú odò kan àti òkè méjì. Típà ló ń kó o tẹ́lẹ̀. Eruku típà bo ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo olóko mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn pariwo, ni kọ́ḿpìnnì bá ní bẹ́líìtì làwọn fẹ́: rọ́bà fífẹ̀ tí wọ́n fi okùn irin sínú rẹ̀, tí yóò máa yí lórí rólà láti ìdí àpáta dé Ìwó, tí yóò sì máa padà lọ lófìfo. Ẹ́ńjìnnì tó ń fà á wà ní Ìwó, ibẹ̀ là ń pè ní orí. Ìdí àpáta lápá Kuta ni ìrù. Níbi ìrù yẹn la gbé irin ńlá kan kọ́ sórí òpó, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ, okùn irin so ó mọ́ bẹ́líìtì láti máa fà á kó le, kó má baà dẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé ìṣirò gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọmọ ìlú ni mí, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Onítẹ̀bọmi ni mo ti kàwé, mo sì ti ṣe bíi bẹ́líìtì mẹ́wàá rí fún àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì. Kò sí èyí tó gùn ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta mítà lọ nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ìyẹn ni n kò sọ fún ẹnì kankan.

Ọ̀nà méjì ni à ń gbà ṣe ìṣirò bẹ́líìtì, màá là á kí ó yé ẹni tí kò mọ̀wé rárá. Ọ̀nà kìíní mú bẹ́líìtì bíi pákó. Bí o bá fa orí, ìrù tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Bí orí bá dúró, ìrù dúró. Wàá wọn òkúta tó máa wà lórí rẹ̀, wàá wọn gíga òkè, wàá ro bí rólà ṣe máa ń wọ́ ọ sẹ́yìn, wàá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, o ti mọ agbára ẹ́ńjìnnì tí o nílò. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, kò sì sí àléébù nínú rẹ̀ bí bẹ́líìtì bá kúrú. Ọ̀nà kejì gbà pé rọ́bà ni rọ́bà, pé ó ń nà, ó sì ń súnkì. Lórí kìlómítà mẹ́jọ, orí lè ti dúró ní Ìwó kí ìrù ṣì máa sáré ní Kuta, torí ìròyìn pé orí ti dúró kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ìròyìn náà bá sì wá dé, kì í dé jẹ́ẹ́jẹ́, ṣe ló ń já wọlé bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ọ̀nà kejì yìí ló máa sọ fún ọ bí wàá ṣe rọra gbé bẹ́líìtì dìde àti bí wàá ṣe rọra mú un rọlẹ̀ tí kò fi ní pa ènìyàn. Ó ń gba oṣù mélòó kan, ó ń gba kọ̀ǹpútà gidi, ó sì ń gba ẹni tó mọ̀ ọ́n. Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ká ní mo ti la ẹnu mi sọ gbólóhùn kékeré yẹn nígbà náà ni, ọmọ ọlọ́mọ kan ì bá ṣì wà láyé lónìí.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sì jìnnà. Abẹ́ mi ló wà. Sọ̀fíyàt ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òkè-Adán, bàbá rẹ̀ ní ilé kéú níbẹ̀, òun sì lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà dé òkè òkun kó tó padà wálé. Ó wọ ọ́fíìsì mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì dìde kíákíá. Ó ní, "Sà, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀nà kìíní tí ẹ fi ṣe ìṣirò yẹn kò lè gbé bẹ́líìtì yìí, ó ti gùn jù. Bí wọ́n bá gbá bíréèkì mọ́ ọn lójijì nígbà tí òkúta kún orí rẹ̀, irin Kuta yẹn á fò, ohun tó bá sì fò á wálẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, sà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìkejì. Màá bá yín ṣe é, n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ṣe é." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà? Ó ti mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ bò mí láṣìírí. Inú bí mi nítorí pé ó mọ̀. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó dìde, ó lọ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú lẹ́tà, ó fi sórí tábìlì mi. Mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ tí mo fún kọ́ḿpìnnì pé a ti ṣe ọ̀nà kejì, ó sì yọrí sí rere. Wọ́n ní kí n fi àwòrán rẹ̀ hàn. Mo mú pẹ́ńsù, mo ya ìlà tó ń lọ sókè sódò bíi ti inú ìwé tí mo rí níbì kan, mo tilẹ̀ jẹ́ kí ó wọ́ díẹ̀ níbì kan tàbí méjì kí ó lè jọ òótọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo kọ̀wé kí wọ́n gbé Sọ̀fíyàt lọ sí ẹ̀ka wa tó wà lápá Òkè-Ògùn. Mo ní ó yẹ kó lọ gba ìrírí.

Abdulfatah ni wọ́n gbà síbi tí wọ́n ti ń tan bẹ́líìtì tí wọ́n sì ń pa á. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó fi ọdún mẹ́sàn-án kéré sí mi, òun ló máa ń ṣíwájú ìrun fún àwọn òṣìṣẹ́, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é ní Àfáà. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tó wà fún ẹ̀rọ náà, Lárúbáwá àti Yorùbá ni Àfáà sì mọ̀ kà dáadáa, nítorí náà èmi ni mo jókòó tì í láti fi Yorùbá là á yé e. Bọ́tìnnì méjì ló ṣe pàtàkì. Tí o bá tẹ aláwọ̀ ewé, iná á kúrò lórí ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì á máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó dúró. Tí o bá tẹ pupa, bíréèkì á gbá orí mú. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bi mí pé, "Ẹnjiníà, bí nǹkan burúkú bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, ṣé kí n jẹ́ kó dúró ni, àbí kí n dá a dúró?" Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìbéèrè yẹn. Ọkùnrin tí kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì kankan fi ọ̀rọ̀ Yorùbá lásán pín ohun tí gbogbo ìṣirò mi kò pín. Ẹ̀rín ni mo fi í rín. Mo ní, "Àfáà, ẹ̀rọ kì í ṣe ẹran tí à ń bẹ̀. Dá a dúró. Tẹ pupa." Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń há wàláà: "Dá a dúró, tẹ pupa. Dá a dúró, tẹ pupa." Àwa méjì péré la wà nínú yàrá náà.

Bẹ́líìtì ṣiṣẹ́ fún oṣù méje, wọ́n ń kan sáárá sí mi. Lọ́jọ́ Tuesday kan nínú oṣù kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, pẹlẹbẹ òkúta kan há sí ibi tí bẹ́líìtì ti ń da ẹrù sílẹ̀ ní Ìwó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa rọ́bà ya. Àfáà rí i. Ó tẹ pupa, bí mo ṣe kọ́ ọ. Orí dúró ní Ìwó. Ní Kuta, Àyàndìran, ọmọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ń fi gíríìsì sí ojú irin lábẹ́ òpó yẹn, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, torí ìrù ṣì ń sáré níwájú rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní bẹ́líìtì gbé ara rẹ̀ kúrò lórí rólà, irin náà fò lọ gbá òkè òpó, okùn já, ó wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé Àyàndìran kúrò, wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wò ó. Ohun tí Sọ̀fíyàt kọ sínú lẹ́tà gan-an ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n pè mí lórí fóònù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí ọkàn mi. Kì í ṣe Àyàndìran. Dúrọ́ọ̀ mi ni. Mo ya ọ́fíìsì kí n tó lọ sí Kuta, mo mú lẹ́tà yẹn, mo lọ fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí nílé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti lọ já wáyà bọ́tìnnì pupa, mo tún un ṣe kí bíréèkì má lè mú lójijì mọ́. Bí wọ́n bá bi mí, mo ní kí irú àìgbọ́ràn Àfáà má baà tún wáyé ni. Ẹni tí kò mọ àṣìṣe rẹ̀ kì í mọ ibi tí yóò ti tún un ṣe. Èmi mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kejì tí Àyàndìran kú, Abdulfatah wá sílé mi. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó bẹ̀rẹ̀ kí mi, mo ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ dákun, ẹ rán mi létí. Ọ̀rọ̀ wo lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ mi? Ṣé 'jẹ́ kó dúró' ni, àbí 'dá a dúró'? Láti àná ni mo ti ń rò ó, etí mi ti dàrú. Bó bá jẹ́ pé 'jẹ́ kó dúró' lẹ sọ, a jẹ́ pé èmi ni mo pa ọmọ ọlọ́mọ, kí n mọ̀." Kò wá bá mi jà. Kò wá fẹ̀sùn kàn mí. Ọ̀dọ̀ mi ló wá gba ìrántí ara rẹ̀, torí ó gbà pé ọwọ́ mi ni ojúlówó rẹ̀ wà. Mo ní, "Àfáà, jẹ́ kó dúró ni mo sọ. Mo rò pé ó yé ọ." Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí àánú ń ṣe. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún mi." Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó lọ. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá, mo sì jẹ ẹ́.

Kọ́ḿpìnnì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, àwọn àgbà Kuta sì wá jókòó síbẹ̀, wọ́n ní ọmọ àwọn ló kú, àwọn kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé, ìbúra làwọn fẹ́. Wọ́n gbé Àlùkùránì kalẹ̀ fún Abdulfatah, wọ́n gbé Bíbélì kalẹ̀ fún mi. Abdulfatah wo Àlùkùránì náà, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, mi ò lè búra lórí ohun tí kò dá mi lójú. Ohun tó ń dún létí mi ni 'dá a dúró'. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà tó sọ ọ́ ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, òun ló sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. 'Mo rò pé' kò tó gbé Àlùkùránì." Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìbúra ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá sá fún un, wọ́n ti dá a lẹ́bi kó tó jókòó. Àgbà kan mi orí, ó ní, "Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sá fún ìbúra." Gbogbo ilé hùn. Nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ náà, ọwọ́ kan ṣoṣo tó mọ́ ni èyí tó kọ̀ tí kò búra. Wọ́n yíjú sí mi. Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo ní mo kọ́ ọ pé kó jẹ́ kó dúró, kí Ọlọ́run ṣèdájọ́ mi bí mo bá purọ́. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n dá Abdulfatah dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan náà bó ṣe tún yí po wá mú un.

Ó kó lọ sí Ilé-Ogbó, ìlú ìyá rẹ̀. Wọ́n ní kó máa ṣíwájú ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wà lọ́rùn rẹ̀ kì í dúró níwájú. Àwọn Mùsùlùmí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ju èmi lọ: ẹni tó bá ṣèèṣì pa ènìyàn, tí kò sì sí ẹrú tí yóò tú sílẹ̀, yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra, láìdá a sí méjì, kí Ọlọ́run lè gbà á padà. Abdulfatah bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó sì ti ní egbò inú látìgbà èwe. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì ó bi ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àfáà tó kọ́ ọ ní kéú wá bá a, ó ní àìsàn kì í ba òǹkà jẹ́, kó máa bá a lọ láti ibi tó ti dúró nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, bí kò bá sì yá mọ́, Ọlọ́run mọ̀. Abdulfatah ní, "Ẹ̀mí ènìyàn ni, Àfáà mi. Mi ò fẹ́ wá àyè fún ara mi." Lọ́dún kejì ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Nígbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀, Ṣẹ̀fíátù, gun ọ̀kadà wá bá mi ní Ìwó. Ó kúnlẹ̀ sí pálọ̀ mi, kò jẹ́ kí n gbé òun dìde. Ó ní, "Ẹnjiníà, ọkọ mi kò gbọ́ tèmi, kò gbọ́ ti àfáà rẹ̀. Ẹ̀yin ló gbà gbọ́. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ̀yin lẹ sọ òótọ́ fún òun nígbà tí kò rọrùn láti sọ ọ́. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ kó jẹun." Mo lọ. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí, ó burú ju ìlà tí mo yà, ó burú ju ìbúra lọ. Orí ẹní ni mo bá a, ètè rẹ̀ ti gbẹ, aṣọ ti tóbi jù fún un. Ó ní kí wọ́n gbé omi fún mi. Nígbà tó ku àwa méjì, ó ní, "Ẹnjiníà, mo fẹ́ bi yín, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé? Kó jẹ́ pé èyí tó ń dún létí mi yẹn náà lẹ sọ?" Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi, ó ṣí i gbayawu. N kò tilẹ̀ nílò láti jẹ́wọ́. Bí mo bá ti ní, "Àfáà, ó ṣeé ṣe o, mo ti ń dàgbà," a jẹ́ pé ó ti jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà tó sì sùn. Ṣùgbọ́n mo ro orúkọ mi. Mo ro ohun tí Ìwó máa wí. Mo ní, "Rárá o, Àfáà. Mi ò gbàgbé." Mo wá fi kún un pé, "Máa gba ààwẹ̀ rẹ, Ọlọ́run á gbà á." Èmi, tó yẹ kí ebi náà máa pa, ni mo ń ṣàdúrà sí i fún un. Ó ní, "Àmín." Mo jáde, mo sọ fún Ṣẹ̀fíátù pé mo ti gbìyànjú. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n gé lára ikùn rẹ̀ kúrò. Ọjọ́ kẹtàléláàádọ́ta ni ààwẹ̀ náà wà nígbà yẹn. Dókítà ní bó bá tún dán an wò, kò ní yè é.

Lọ́dún yìí, àìsàn tèmi náà yọjú, ó ti wọ ẹ̀dọ̀ kí wọ́n tó rí i. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé Abdulfatah ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ìkẹta ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ilé-Ogbó. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀: ọ̀nà ìṣirò tí mi ò mọ̀, lẹ́tà Sọ̀fíyàt, ìlà tí mo fi ọwọ́ yà, ọ̀rọ̀ tí mo pààrọ̀. Ó fi ara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó wá fà mí dìde, ó ní, "Ẹnjiníà, mo gbọ́ pé ara yín kò yá. Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà. Ẹ rí bí mo ṣe ń jìyà, àánú mi ṣe yín, ẹ fẹ́ gbé e rù kí ẹ tó lọ. Ẹni rere ni yín." Mo ní rárá, òótọ́ ni mò ń sọ. Mo nawọ́ lẹ́tà Sọ̀fíyàt sí i, mo kà á fún un lédè Yorùbá. Ó ní, "Ìyẹn sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì, kò sọ ohun tí ẹ sọ fún mi. Ẹ gbọ́wọ́ lé Bíbélì níṣojú mi, Ẹnjiníà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbà pé ẹ búra èké? Mi ò ní gbà kí ẹ fi irọ́ gba ẹ̀mí mi là." Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọjà tí mo gbé tèmi lọ, èmi fúnra mi ni mo ti bà á jẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo jáde, Ṣẹ̀fíátù ń dúró dè mí lẹ́bàá ògiri. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kí n má kúnlẹ̀ fún òun. Ó ní, "Èmi gbà yín gbọ́. Ọjọ́ tí ẹ wá jókòó sórí ẹní yìí, tí ẹ mu omi wa, ẹ mọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ kó kárí, kó lè gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ràn yín." Kò ní òun dárí jì mí, n kò sì tọrọ rẹ̀.

Ìdí tí ẹ fi ń ka èyí nìyẹn. Mo ti fi lẹ́tà Sọ̀fíyàt ránṣẹ́ sí kọ́ḿpìnnì àti sí àgọ́ ọlọ́pàá Ìwó, mo sì ti kọ̀wé sí Sọ̀fíyàt fúnra rẹ̀. Mo lọ sí Kuta lọ bá ìyá Àyàndìran. Ó gbọ́ mi tán, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ tí mo ṣe, ẹ má kọ́ ohun mìíràn lára mi ju èyí lọ: ọ̀nà ìṣirò tó bá kúrú fún iṣẹ́ tó gùn, ènìyàn ni yóò fi ẹ̀mí dí àyè tó kù. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kódà bó jẹ́ ọmọ tí ẹ bí ló máa kọ́ yín. Ojú á tì yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tó ń tì mí yìí, mò ń gbé e lọ sínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará Ilé-Ogbó, ẹ̀yin ni mo ní ọ̀rọ̀ bá jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá Abdulfatah kírun, ẹ̀yin tí ẹ jọ kọ́ kéú, ẹ gbé ìwé yìí lọ kà fún un. Bó bá ní irọ́ ni, ẹ tún un kà. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kó dá a dúró, pé mo rántí yàrá náà, mo rántí àga tó jókòó lé, mo rántí ohùn tó fi tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti bú mi, kó lè mọ̀ pé ẹ gba ìwé yìí gbọ́. Kí ẹ wá bu omi fún un lójú ọ̀sán, kí ẹ má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi mu ún. Òní ni ààwẹ̀ rẹ̀ pé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Èmi ti jẹun láàárọ̀ yìí.